Ẹ kágò kẹ́ ẹ tó jókòó! Òfin tó wà fún ẹni tó fẹ́ẹ́ sinmi tàbí sùn lórí Òkè Ìdànrè

Bí mọ́tò bá ti kúrò ní Àkúrẹ́, tó doríkọ ọ̀nà Ìdànrè, kì í pẹ́ táwọn èrò inú ẹ̀ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn lójú fèrèsé. Oko kòkó lọ́tùn-ún, oko kòkó lósì, lójijì ni àpáta ńlá kan yóò yọ gàgàrà lókè orí ilé, òmíràn á tún yọ lẹ́yìn ẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ń yọjú wo àlejò tó ń bọ̀. Ìrìn náà ò tó ọgbọ̀n kìlómítà. Ẹni tó jẹun àárọ̀ nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ lè ti dé ẹsẹ̀ òkè kí oòrùn tó mú. Ìrọ̀rùn yẹn gan-an ló sì ń tan èèyàn jẹ, nítorí ohun tó rọrùn láti dé, kì í sábà rọrùn láti gùn.

Ẹ jẹ́ ká ní àwọn mẹ́fà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó dáwó jọ, wọ́n láwọn fẹ́ẹ́ lo ìsinmi Àjíǹde lórí òkè. Ọ̀kan wọ bàtà gogoro nítorí fọ́tò. Ọ̀kan gbé ẹ̀rọ orin tó tóbi tó orí màlúù dání. Àwọn méjì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ gbé kúlà ìrẹsì. Ẹni karùn-ún gbé àgọ́ aláṣọ táwọn òyìnbó máa ń sùn sí dání, ó lóun ò ní í sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni kẹfà ò mú nǹkan kan ju fóònù lọ, kódà kò mú omi. Kí wọ́n tó gun 100 nínú àtẹ̀gùn náà, oníbàtà gogoro ti kó bàtà ẹ̀ sọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, ṣe ni wọ́n ya bo ìjókòó, wọ́n nà gbalaja, wọ́n yí orin sókè, wọ́n ṣí kúlà. Àwọn bàbá àti ìyá àgbà tó ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn wọn sì wà lórí ìdúró, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà tí wọ́n dìde, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti egungun adìẹ ni wọ́n fi dípò ara wọn.

Lójú tiwọn, wọn ò jalè, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lójú ẹni tó mọ òkè yẹn, ilé onílé ni wọ́n wọ̀ láìkágò.

TA NI ONÍLÉ?

Àlejò yóò ní, 'Ilé ta ni? Ṣebí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.' Ẹ má jẹ́ kójú tàn yín. Orí òkè yẹn, tó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000, ìlú ni. Ibẹ̀ làwọn ará Ìdànrè gbé láti ayébáyé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsàlẹ̀ dó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó onígi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára. Kóòtù àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo náà wà níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lára àpáta, èyí tí wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọdé bá mu, tó tún bá ẹsẹ̀ àgbà mu. Omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Omi Àpáàrá. Ibojì wà níbẹ̀, ojúbọ sì wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún làwọn ọmọ Ìdànrè ń ṣọdún Orósùn, òrìṣà tí ọ̀kan nínú àwọn òkè ńláńlá yẹn ń jẹ́ orúkọ ẹ̀.

Ẹni tó kó lọ sílé tuntun ò tíì sọ pé kí wọ́n wá fi ilé bàbá òun ṣe ààtàn. Ìdí nìyẹn tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé kí àlejò kágò. Ẹnu ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kágò ọ̀hún: ẹ san owó ìwọlé, ẹ ní kí wọ́n fún yín lẹ́ni tó mọ̀nà, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ jẹ́ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa padà. Ẹni tó gba ẹ̀yìn lọ kó má baà san owó, tó bá fẹsẹ̀ rọ́ sínú kòtò àpáta, ta ni yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?

IBI ÌSINMI KÌ Í ṢE TI ẸNI TÓ KỌ́KỌ́ DÉ

Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ni wọ́n sì ṣe sójú ọ̀nà. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú ńlá tó jẹ́ pé láti orí àga ọ́fíìsì dé orí ìjókòó mọ́tò ni gbogbo ìrìn wọn, bí wọn ò bá ríbi jókòó, àyà wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn ò tó fún ẹni tó fẹ́ẹ́ sọ ọ́ di yàrá ara ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ibẹ̀ ni pé kí ẹni tó ti sinmi dìde fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ọ̀dọ́ dìde fún àgbà, kí gbogbo ara sì sún fún aláboyún àti ẹni tó gbọ́mọ pọ̀n. Kí ẹni tó bá dé ní, 'Ẹ kú ìsinmi o.' Kí ẹni tó wà níbẹ̀ dáhùn pé, 'Ẹ kú ìrìn, ẹ máa bọ̀ níbí.' Bí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé ti parí nìyẹn. Wọ́n á fún ara wọn mọ́ra ni títí tí òjò á fi dá.

Orin ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó fi sí etí ara ẹ̀. Àwọn kan wá síbẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ẹyẹ àti atẹ́gùn, ariwo sì wà ní Ọ̀shòdì lọ́fẹ̀ẹ́. Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ bá gbé gòkè, ẹ gbé e sọ̀, títí kan ọ̀rá, ike àti egungun. Egungun tẹ́ ẹ sọ síbẹ̀ lálẹ́, eku ló ń pè, eku náà á sì pe ejò wá.

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ ló ń ti àwọn èèyàn lójú, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Ẹ lo ti ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gòkè. Bó bá wá di dandan lókè, ẹ jìnnà sí omi, ẹ jìnnà sí ọ̀nà, ẹ jìnnà sí ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn, kẹ́ ẹ gbẹ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì bò ó. Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní í gbàgbé.

ÒYÌNBÓ PÀÁPÀÁ Ń SÚN FÚN ARA WỌN

Bí ẹnì kan bá ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lásán nìyí, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail. Ọdún 1921 ni Benton MacKaye dá a lábàá, nígbà tó sì di 1937, wọ́n là á tán. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3,500, ó sì gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá. Ẹni tó bá rìn ín látòkèdélẹ̀ lè lo oṣù márùn-ún sí méje lójú ọ̀nà. Àwọn búkà onígi tó lé ní 250 ló wà lójú ọ̀nà náà, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n fi ògiri dí lọ́nà mẹ́ta, tí ojú kẹrin ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́pọ̀ ibẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ tẹ́ ẹní, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ na ẹrù ẹ̀ kalẹ̀ gba àyè ẹni mẹ́ta. Bílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. Nítorí bíárì, ẹranko ńlá tó ń gbóòórùn oúnjẹ láti ọ̀nà jíjìn, wọn kì í gbé oúnjẹ sùn ti orí, ṣe ni wọ́n ń so ó kọ́ sókè. Ẹni tó bá pàgọ́, kó jìnnà sí odò tó ẹsẹ̀ bàtà 200, ìyẹn nǹkan bí ìṣísẹ̀ 70 àgbàlagbà. Ẹni tó bá fẹ́ yàgbẹ́ níbi tí kò ti sí ilé ìgbẹ́, kòtò tó jìn tó ínṣì 6 sí 8 ni kó gbẹ́. Ṣẹ́ ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Kò sí bíárì ní Ìdànrè, àmọ́ ejò wà, oyin wà, èèyàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà sì wà.

Ká má tilẹ̀ lọ jìnnà tó Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1872, nígbà tí ogun ti dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà mọ́ra ní ilẹ̀ Yorùbá, Glover tó ń ṣàkóso Èkó gbìyànjú kí ọ̀nà Oǹdó lè là. Láti etí ọ̀sà làwọn oníṣòwò ti ń bọ̀, wọ́n á gba inú igbó dúdú wá sí Òde Oǹdó, kí wọ́n tó máa lọ sí Ifẹ̀ àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú bá, ó ní láti wọ̀ sọ́dọ̀ onílé kan, ìwà tó bá sì hù lálẹ́ ọjọ́ náà ni yóò sọ bóyá wọ́n á tún gbà á bó bá ń padà bọ̀. Orúkọ rere ni wọ́n fi ń gba ilé sùn nígbà náà.

BÓ BÁ JẸ́ PÉ Ẹ FẸ́Ẹ́ SÙN

Ẹni tó bá ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè àdúrà rí ti mọ ìdajì òfin yìí. Ó mọ̀ pé wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gòkè, pé kálukú ló ń mú ẹní tiẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹní ẹlòmíì kúrò níbi tó tẹ́ ẹ sí.

Ti Ìdànrè tún le díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pàgọ́ síbẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní kò sí sísùn, ẹ má bẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá wá yàrá sí ìlú ìsàlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ padà s'Ákùúrẹ́ lójú mọmọ. Bí wọ́n bá gbà, ẹ má pàgọ́ ságbàlá ààfin, ẹ má pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì tàbí ojúbọ, ẹ má fi òkúta tẹ́ ẹ yọ lára ògiri àtijọ́ ṣe ààrò. Ní ti iná, ẹ̀rùn àti ọyẹ́ kì í ṣeré. Koríko tó ti gbẹ, ìṣáná kan péré tó láti jó o dé oko kòkó ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì rí ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí ọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó lólówó.

Òjò ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Láti bí oṣù kẹrin ló ti ń rọ̀ gan-an lágbègbè yẹn, ìyẹn sì sábà máa ń bọ́ sí àsìkò Àjíǹde tí àwọn mẹ́fà wa mú. Àpáta tómi ti bà máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ kúrò lórí àpáta gbalasa, nítorí mànàmáná kì í béèrè ọjọ́ orí. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́lẹ̀, kẹ́nì kọ̀ọ̀kan gbé omi àti tọ́ọ̀ṣì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná fóònù. Kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, ẹ ti máa ronú àtisọ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ẹ̀sọ̀ náà ló sì máa ń bá sọ̀.

OHUN TÓ WÀ NÍLẸ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lọ o. Lóṣù kẹwàá ọdún 2007, Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Sukur tó wà ní Adamáwá ti wọ inú ìwé ńlá yẹn lọ́dún 1999, igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo tẹ̀ lé e lọ́dún 2005. Ìdànrè ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé alámọ̀ sì làwọn ilé tó wà lókè yẹn, òjò ń fọ̀ wọ́n, ọdún ń gorí ọdún. Ẹni tó bá wá fi èédú kọ orúkọ òun àti ti ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ sára ògiri, àbí tó fẹ̀yìn ti òpó tó ti ń mì nítorí fọ́tò, òjò ló ń bá ṣiṣẹ́. Ilé tó bá wó nínú wọn, kò sẹ́ni tó lè dá a kọ́ bí àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ṣe kọ́ ọ. Ọmọ tí wọ́n bá bí lónìí ní Odòdè tàbí Aládé á kàn máa gbọ́ pé àwọn babańlá òun láàfin lókè ni, kò ní í rí i.

Nítorí náà, kí àwọn mẹ́fà wa ọjọ́sí tún un ṣe. Kí oníbàtà gogoro wá bàtà kánfáàsì, kí ẹlẹ́rọ orin fi í sílé, kí ẹni tí kò mú omi lọ́jọ́ náà gbé ti ẹni méjì dání. Kí àwọn tó gbé kúlà mú àpò òfìfo kan mọ́ ọn, kí wọ́n kó tiwọn, kí wọ́n sì ṣa ìdọ̀tí ẹni tó lọ ṣáájú mọ́ ọn. Kí alágọ̀ọ́ béèrè kó tó pàgọ́. Bí wọ́n bá dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, tí wọ́n bá àgbàlagbà kan níbẹ̀, kí wọ́n kí i, kí wọ́n dúró díẹ̀, yóò sún fún wọn.

Àjò kì í dùn kí onílé má rele. Ẹ kú ìrìn o, ẹ ó dé bá wọn láyọ̀.