Àrá Kò Sán Mọ́: Ìdárò Tẹ̀sílímì Balógun

Ní Fẹ́sítáàkì wa yìí, nọ́ńbà ni ọ̀nà ń jẹ́. Ẹni tó ń wá ilé ẹbí rẹ̀ kì í béèrè òpópónà akọni kankan. "21 Road" ni yóò wí, tàbí "22 Road", kó tó wá lẹ́tà tó wà lára close. Ìjọba kọ́ ìlú yìí fún àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1977. Àjọ̀dún tán, àlejò lọ, nọ́ńbà ló kù lójú pátákó. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìyẹn ló fà á tí nọ́ńbà fi kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo jókòó láti dárò Tẹ̀sílímì Balógun: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13, ayò 3. Ohun tí ìwé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Queens Park Rangers fi pamọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn, fún sáà 1956 sí 1957.

Ẹ̀yin ará Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ẹ má jẹ́ ká fi nọ́ńbà sin ọkùnrin yìí.

Ọmọ Èkó ni. Ìgbà ogun àgbáyé kejì ló ń di géńdé. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogun ti ilẹ̀kùn líìgì pa láti 1939 títí di 1946. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù bọ́ jẹ́sì sílẹ̀, wọ́n gbé ìbọn. Àwọn ọmọ tiwa náà ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ jagun ní Bọ́mà, síbẹ̀ ariwo kò kúrò ní pápá. Nnamdi Azikiwe kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ yí ìlú ká: bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ òmìnira lẹ́nu. Ogun parí ní 1945, ìdíje bọ́ọ̀lù fún ife Gómìnà bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ni kílọ́ọ̀bù láyé ọjọ́un: Marine, Railway, UAC. Ọwọ́ ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Láàárín wọn ni Tẹ̀sílímì ti yọ bí ọ̀pẹ nínú igbó, ó ga, ó síngbọnlẹ̀.

Ní 1949, wọ́n ṣa àwọn àṣàyàn jọ, ó di Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etim Henshaw ni balógun ikọ̀, ṣùgbọ́n Balógun kan wà láàárín ọmọ ogun. Bàtà kọ́ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n kàn fi aṣọ di ọrùn ẹsẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9 ni wọ́n gbá. Nínú èyí àkọ́kọ́, ní Crosby nítòsí Liverpool, wọ́n na Marine ibẹ̀ ní ayò 5 sí 2. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n fi ayò 2 sí òdo fẹ̀yìn Sierra Leone gbálẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Nàìjíríà ti kọ́kọ́ bá orílẹ̀-èdè mìíràn wọ̀jà lórí pápá.

Tẹ̀sílímì tí wọ́n ń pè ní Thunder, àrá ojú ọ̀gbẹlẹ̀! Àrá tí kò ní òjò nínú, àwọ̀n ló ń gbọ̀n. Bí o bá gbẹ́sẹ̀ sẹ́yìn, aṣọ́lé a ti máa wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà tó máa ń ta ìwé ìròyìn lẹ́bàá First Gate. Bó bá ti dárúkọ rẹ, yóò fi ìwé sílẹ̀, yóò dìde, yóò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá afẹ́fẹ́, yóò ní, "Gbàà!" Kò ní sọ nǹkan mìíràn mọ́. Kò sí ìwé tó ka "gbàà" yẹn mọ́ ayò mẹ́ta.

Ní 1955, ó padà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ Peterborough United. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di ti Queens Park Rangers ní Loftus Road, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ibẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹsẹ̀ tó mọ iyanrìn Èkó nínú ẹrẹ̀ oṣù Kejìlá, òun nìkan láàárín èrò tó ń wo àwọ̀ ara rẹ̀ kí wọ́n tó wo bọ́ọ̀lù rẹ̀. Kò dúró pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ la igbó kì í jẹ èso ibẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló ń rí ọ̀nà.

Ó padà wálé, ó di olùkọ́ni. Ó wà lára àwọn tó tọ́ àwọn ọmọ wa sọ́nà lọ sí Òlíḿpíìkì Mẹ́síkò ní 1968. Ogun abẹ́lé ń jó lẹ́yìn wọn nílé lọ́dún náà, wọ́n sì bá Brazil ta ọ̀mì, ayò 3 sí 3. Ọgbọ̀n ọjọ́ nínú oṣù Keje, 1972, àrá dákẹ́. Nínú oṣù Kínní ọdún 1973, Nàìjíríà gba góòlù bọ́ọ̀lù nínú ìdíje gbogbo Áfíríkà ní Sùúrùlérè. Ẹni tó tọ́ sí kó wà níbẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìjọba Èkó fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè. Àwọn ọdún 1980 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Koríko bo ìpìlẹ̀ rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i ní 2007. Mo dúpẹ́ fún un. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ láti Mile 2 bá débẹ̀, "Sitédíọ̀mù wọlé o!" ni kọ́ńdọ́kítọ̀ ń ké. A ti sọ ènìyàn di ibi tí à ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù ní close wa, òkúta méjì ni òpó. Bàtà ẹyọ kan ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ọ̀kan nínú wọn. Èkejì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù ló wà lẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀. Mo pè é, mo bi í bóyá ó mọ Tẹ̀sílímì Balógun.

"Ṣé ẹni tó ni sitédíọ̀mù yẹn, sà?"

"Òun náà ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kò fojú rí i rí."

Ó wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò wọ bàtà. "Ṣé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá ni?"

Mo dìde nínú àga. Egungun mi ké. Mo gbẹ́sẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, mo gbá afẹ́fẹ́.