Bẹ́díṣíìtì Màámi Kò Gbọdọ̀ Rún

Ní àgbàlá ilé tí à ń gbé ní Ashaiman, ìdílé mẹ́fà ló ń lo okùn ìsáṣọ kan ṣoṣo. Yorùbá ni àwa, àwọn Ewe wà níbẹ̀, àwọn Dagomba wà, àwọn Ga náà wà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ní aláìsàn nílé, ẹ má wulẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, okùn yẹn ni kí ẹ wò. Ilé tí bẹ́díṣíìtì mẹ́ta, mẹ́rin bá wà lórí okùn lójoojúmọ́, ara ẹnì kan kò yá níbẹ̀. Bí tiwa ṣe rí nìyẹn láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Màámi dùbúlẹ̀.

Mo ti ka oríṣiríṣi ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń fọ bẹ́díṣíìtì tí kò fi ní rún. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nítorí àlejò ni, kí yàrá lè dùn ún wò. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹwà o. Àmọ́ nílé tí ẹnì kan ti ń dùbúlẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, aṣọ tó rún ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà, ó ti di ọ̀rọ̀ awọ ara.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo Màámi ní oṣù àkọ́kọ́ ló là á yé wa. Bí ara bá dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í rìn dáadáa níbi tí egungun bá ti tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì: ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìbàdí, gìgísẹ̀, èjìká. Bí aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá tún rúnjọ, ńṣe ló dà bí ìgbà tí a tẹ́ okùn sábẹ́ ẹni náà. Awọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ yí àwọ̀ padà, lẹ́yìn náà á bó, bí a kò bá sì tètè rí i, ó lè di egbò tó jìn dé egungun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yí Màámi padà ní wákàtí méjì méjì, tí a sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ na aṣọ abẹ́ rẹ̀ kí ó tẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí a bá yí i.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ilé wa mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn òyìnbó kọ lórí egbò yìí, wọ́n ní kí a máa wo ibi tó bá pọ́n. Ara dúdú kì í sábà pọ́n lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ó máa wò ni ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ tàbí tó dà bí àwọ̀ àlùkò, ibi tó gbóná, tàbí tó le nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fi òróró ra á, ẹ má sì dúró dìgbà tó bá bó kí ẹ tó sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ẹnu Màámi wúwo láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, Yorùbá àti Twi sì máa ń dàpọ̀ mọ́ra lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ fún èmi àti ìyàwó àbúrò mi pé, "Nǹkan kan ń gún mi lẹ́yìn. Ẹ bá mi wò ó." Ìyàwó wa ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé yín díẹ̀." A wá gbogbo ibẹ̀, bóyá pín-ìnnì irun ni, bóyá èérún búrẹ́dì ni. A kò rí nǹkan kan àfi ibi tí aṣọ ti rún, kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ojú rẹ̀ sì ti hàn lára Màámi, bí ojú ẹní ṣe máa ń hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ tó sùn jù.

Ìmọ̀ èdè ni mò ń kọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Yorùbá ní aṣọ "rún", ojú arúgbó ní tirẹ̀ "hunjọ". Àwa tí à ń wo aṣọ látòkè ló ń sọ pé ó rún. Ẹni tó sùn lé e lórí ní ó ń gún òun, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀gún.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí fífọ̀. Kò sí ẹni tó mọ aṣọ fọ̀ bíi Màámi nílé wa, orí bẹ́ẹ̀dì náà ló sì ti ń darí wa. Ó ní bẹ́díṣíìtì funfun kan tó ti gbó tí kò gbà kí a sọ nù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Accra ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣòwò. Kò sí àpótí tó tó ẹrù wọn, bẹ́díṣíìtì ni ìyá rẹ̀ fi di gbogbo rẹ̀ délé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n tú ẹrù tán, ìyá wọn fọ àwọn aṣọ náà, ó sì tún tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tó tún bá Màámi padà wá sí Ghana nígbà tó lọ́kọ. Òwú gidi ni, òwú gidi sì máa ń rún.

Ìdí tó fi ń rún ni pé fọ́nrán òwú ní àwọn ṣẹ́ẹ̀nì tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n di ara wọn mú. Bí omi bá wọ̀ wọ́n, wọ́n á ju ara wọn sílẹ̀. Bí omi bá ti ń kúrò, wọ́n á tún di ara wọn mú, bí wọ́n bá sì ṣe wà lásìkò náà ni wọ́n máa dúró sí. Bí aṣọ bá lọ́ pọ̀ nígbà tó ń gbẹ, lílọ́ pọ̀ ni yóò gbẹ sí. Bí ó bá tẹ́jú, á gbẹ ní títẹ́jú. Áyọ́ọ̀nù náà kò ní ju èyí lọ: ooru rẹ̀ àti omi tí a wọ́n sí aṣọ ń tú àwọn ṣẹ́ẹ̀nì yẹn, ó sì ń tẹ́ wọn padà. Nítorí náà, láti inú bàsíà dé orí okùn ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù.

Aṣọ polyester kì í rún tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í mu omi. Ohun tí kì í mu omi kì í mu òógùn, ooru Ashaiman sì nìyí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí àwọn aṣọ tí kò ń fẹ́ lílọ̀ wọ̀nyí fẹ́ gba ọjà mọ́ àwọn àgbẹ̀ òwú Amẹ́ríkà lọ́wọ́, obìnrin onímọ̀ kẹ́místírì kan ní New Orleans, Ruth Benerito, wà lára àwọn tó rí ọ̀nà tí a fi lè so àwọn ṣẹ́ẹ̀nì òwú mọ́ra kí wọ́n má baà máa ṣí kiri. Ọdún 2013 ló kú, ẹni ọdún 97. Bí ẹ bá rí bẹ́díṣíìtì òwú tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní rún, irú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tẹ́ ẹ fún aláìsàn, torí pé formaldehyde wà lára ohun tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ó sì lè máa yún ẹlòmíì lára. Ní ọjà Ashaiman, nídìí àwọn tó ń ta aṣọ tí wọ́n ń pè ní obroni wawu, ìyẹn "òyìnbó ti kú", tí àwa ń pè ní òkìrìkà, mo máa ń wá èyí tí wọ́n po òwú àti polyester pọ̀ láti ṣe. Èyí tí òwú rẹ̀ pọ̀ jù ni mo fẹ́ràn.

Tó bá di ọjọ́ ìfọṣọ, bẹ́díṣíìtì kì í bá aṣọ mìíràn wọ bàsíà nílé wa. Ẹyọ kan, tàbí méjì bí bàsíà bá tóbi. Aṣọ tí kò rí àyè yí nínú omi ti ń rún kí ọṣẹ tó kàn án. Omi kànga dẹ̀rọ̀ àdúgbò wa níyọ̀ díẹ̀, ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀, ènìyàn á sì fẹ́ máa bu ọṣẹ kún ọṣẹ. Màámi kì í gbà. Ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù lára aṣọ máa ń mú kí ó le, ó sì máa ń yún ẹni tó bá sùn lé e. Ìgbà mẹ́ta la máa ń ṣan án, a tilẹ̀ ń ra omi kún omi nítorí èyí. (Ọṣẹ dúdú ni Màámi fẹ́ràn jù. Alata samina ni àwọn Akan ń pè é, Alata sì ni wọ́n máa ń pe àwa Yorùbá. Inú rẹ̀ máa ń dùn pé orúkọ wa wà lára ọṣẹ.)

Fífún ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń mú bẹ́díṣíìtì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí a ó lọ́ ọ bí okùn títí omi á fi tán. Gbogbo ibi tó bá lọ́ yẹn ni yóò rún. Ńṣe ni kí ẹ ká a sí mẹ́rin nínú bàsíà, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ omi jáde, kí ẹ sì gbé e lọ sórí okùn bí omi ṣe ń ro lára rẹ̀. Omi yẹn wúlò: ìwúwo rẹ̀ ló ń fa aṣọ nà sísàlẹ̀ bó ti ń gbẹ. Kí ẹni méjì dì í mú, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n fi àárín rẹ̀ kọ́ okùn, kí etí sì bá etí mu. Ẹ má fi pẹ́ẹ̀gì gbé e rọ̀ ní igun méjì péré, torí àárín rẹ̀ á wọ́.

Lásìkò ọyẹ́, ojú ni kí ẹ máa fi ṣọ́ ọ. Ọyẹ́ Accra lè gbẹ bẹ́díṣíìtì kí ènìyàn tó jẹun tán, á wá gan bí páálí, eruku á sì kún un. Lówùúrọ̀ kùtùkùtù la máa ń sá a nígbà náà, a ó sì ká a nígbà tó bá ṣì lọ́rinrin díẹ̀.

Láyé ìgbà tí Màámi lókun, bó bá ti ká a báyìí, á ṣẹ́ ẹ, á tẹ́ ẹ sábẹ́ fóòmù, á sì sùn lé e mọ́jú. Láàárọ̀, á tẹ́jú bí ìwé. Ọgbọ́n tó dára ni, mo ṣì ń lò ó fún aṣọ tèmi, àmọ́ a kì í ṣe é fún tirẹ̀ mọ́. Eṣinṣin tumbu ló fà á. Eṣinṣin yìí máa ń yé ẹyin sára aṣọ tútù tí a sá síta, pàápàá níbi tí òòrùn kì í dé tàbí lórí ilẹ̀. Bí ẹyin náà bá pa, ìdin rẹ̀ á wọ awọ ẹni tó sùn lé aṣọ náà, á wú bí eéwo. Ẹni tó lókun á tètè mọ̀, á sì fi han ènìyàn. Aláìsàn tí apá kan ara rẹ̀ ti kú lè má mọ̀. Ooru áyọ́ọ̀nù ló ń pa ẹyin yẹn, nítorí náà a ń lọ bẹ́díṣíìtì Màámi tinú tòde, títí dé etí rẹ̀ tí wọ́n rán, títí ó fi gbẹ pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mo fi ń jó iná lórí aṣọ tó ti tẹ́jú tẹ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Bí kò bá sí iná ńkọ́? Nígbà dumsor tó le gan-an láàárín ọdún 2012 sí 2015 ni ilé wa ra áyọ́ọ̀nù eléédú. (Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn ná: dum ni "pa á", sɔ ni "tàn án".) Ó ṣì wúlò, kìkì pé kí ẹ fẹ́ eérú rẹ̀ síta kí ẹ tó gbé e kan aṣọ funfun. A ti fi sítáàṣì sílẹ̀ ní tirẹ̀. Màámi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nígbà kan, ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi sítáàṣì sí, bó bá rún, ibi tó rún á mú bí etí páálí.

Títẹ́ rẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì la ti kọ́ ọ. A máa ń bọ ọ̀rá tí wọ́n fi bo fóòmù wá sílẹ̀, torí ooru rẹ̀, a ó fi rọ́bà kékeré sábẹ́ ìdí nìkan nítorí ìtọ̀. Bẹ́díṣíìtì gbọ́dọ̀ tóbi ju fóòmù lọ kí ẹ lè kì í bọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Onírọ́bà létí dára bó bá bá fóòmù mu, àmọ́ fóòmù ọjà wa kì í sábà bá ti òyìnbó mu. Lẹ́yìn náà a ó tẹ́ aṣọ kejì tí a ṣẹ́ sí méjì dábùú àárín, láti èjìká dé itan. Bó bá tó àkókò láti yí Màámi, èmi di aṣọ yìí mú lápá kan, ìyàwó wa dì í mú lápá kejì, a ó gbé e. A kì í wọ́ ọ. Wíwọ́ máa ń bó awọ, ó sì máa ń rún gbogbo ohun tí a ti tẹ́.

Bẹ́díṣíìtì mẹ́fà ló ń tó wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá lè ní mẹ́jọ, kó ní i, pàápàá lásìkò òjò. Awọ Màámi kò tíì bó, a sì dúpẹ́. Lálẹ́ àná, èmi àti ìyàwó wa ń ṣẹ́ èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò wá títí, ó ní, "Etí kò bá etí mu." A tún un ṣẹ́.