Láti Oko Obì Dé Pápá Bọ́ọ̀lù

Àwa tá a dàgbà ní Ọ̀pẹ̀bí, ojú títì la ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ pápá gidi, Agége ló ń lọ.

Oko ni Agége tẹ́lẹ̀. J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó àti obì síbẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1907. Rélùwéè ló ń gbé obì Agége lọ sókè Ọya. Lónìí, ilé àti ilé iṣẹ́ ti gba oko, àmọ́ pápá bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Orí pápá yẹn ni MFM FC ti ń gbàlejò nígbà tí wọ́n gba ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà ní 2017.

Nílé, wọ́n ní bọ́ọ̀lù máa ń ba ìwé jẹ́. Ṣé ó ba ti Adokiye Amiesimaka jẹ́? Ó ka ìmọ̀ òfin ní UNILAG, ó sì wà nínú ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè ní 1980. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó gbá góòlù méjì wọlé Algeria lọ́jọ́ àṣekágbá, Pọ́lì Ìbàdàn ló ti kàwé.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ti pa bọ́ọ̀lù tì. Kì í ṣe ìwé ló dí wọn lọ́wọ́, àìsí pápá nítòsí ni. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tẹ́ ẹ bá rí ilẹ̀ tó ṣófo ládùúgbò, ẹ bá wa bi àwọn tó fẹ́ kọ́lé sí i: níbo lọmọdé máa ti sáré?