Akọni Tí Ó Kàn Ń Bínú

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní Sátidé tí ó kọjá, mo wá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Kútọ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń sanwó gbá géèmù. Láti ọdún tí ó kọjá tí bàbá rẹ̀ ti di olóògbé ni kò ti fẹ́ràn láti jókòó sílé mọ́. God of War III, ti ọdún 2010, ni mo bá a tí ó ń gbá. Kratos, akọni inú rẹ̀, ń fọwọ́ fa orí òrìṣà kan ya kúrò lọ́rùn.

Mo bi í pé, "Kí ni òrìṣà yẹn fi ṣe é?"

Kò tilẹ̀ wò mí. "Bọ̀ọ̀dá, n kò mọ̀. Ó kàn ń bínú ni."

Àbùkù eré náà ni ọmọ yìí sọ láìmọ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, ní ọdún 2005, Ares, òrìṣà ogun àwọn Gíríìkì, tan Kratos títí ó fi pa ìyàwó àti ọmọbìnrin ara rẹ̀. Eérú òkú wọn lẹ̀ mọ́ ọn lára, òun ni ó sọ ọ́ di funfun. Ẹni tí ó ń gbé àbámọ̀ kiri ni. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2007 àti 2010, àbámọ̀ ti rọ́ sẹ́yìn, ìbínú ni ó gba gbogbo ojú eré. Ohun ìjà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìwà ènìyàn ń tán lára rẹ̀.

Bí iná ṣe lọ nìyẹn, a sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn The Palm-Wine Drinkard fún un, ìwé tí Amos Tutuola, tí a bí ní Abẹ́òkúta wa yìí ní ọdún 1920, tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ọ̀mu lásán ni akọni ibẹ̀. Adẹ́mu rẹ̀ já lórí ọ̀pẹ, ó kú, ó sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ó rí i, ṣùgbọ́n adẹ́mu ní òkú kò lè bá alààyè padà sílé. Ẹyin kan ni ó fún un, èyí tí ọ̀mu fi bọ́ àwọn ènìyàn nígbà ìyàn.

Ọmọ náà dúró. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó sunkún nígbà tí kò bá a wálé?"

N kò lè dáhùn kíákíá. Mo wá sọ fún un pé ní ọdún 2018, àwọn tí ó ṣe eré náà fún Kratos ní ọmọkùnrin kan, Atreus. Àwọn méjèèjì ń gbé eérú ìyá ọmọ náà lọ sí orí òkè tí ó ga jù lọ, bàbá kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún ọmọ. Níbẹ̀ ni ìtàn náà ti tún ní ẹ̀mí.

Ó ní, "Ìyẹn ni mo fẹ́ gbá."

Àwọn àgbà ní ohun tí ó dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ̀yin tí ẹ ń pìtàn fún àwọn ọmọ wa, ìbáà ṣe nínú ìwé tàbí lórí ẹ̀rọ, akọni yín lè bínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó ń wò ó mọ ohun tí ó dùn ún.

Ire o.