Ṣúgà tó ń gbé mi dìde ló ń gbé mi ṣubú

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí fún yín, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn wà tí irú rẹ̀ ń ṣe, tó sì rò pé ayé ló ń ṣe òun.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe nílùú Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ tí ọgbẹ́ inú ti ń bá mi fínra. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti tíì tí mo da ṣúgà sí dáadáa ni mo máa ń jẹ kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọkàn mi á máa lù kì-kì-kì, òógùn tútù á bò mí, ebi á sì máa pa mí bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Kí ni mo máa ń ṣe? Màá rán ọmọ iṣẹ́ mi pé kó lọ ra ẹlẹ́rìndòdò tútù kan wá. Kí n tó mu ún tán, ojú mi á ti là. Ṣùgbọ́n tó bá tún di aago méjì ọ̀sán, ó tún dé nìyẹn.

Ní ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, ìfúnpá ni wọ́n wò. Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Wọ́n fún mi lóògùn, kò sì pẹ́ tí ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́, tí ọkàn mi kò sáré mọ́. Mo dúpẹ́, mo tilẹ̀ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ̀ pé àìsàn náà kò lọ, agogo ìkìlọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò dún mọ́.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, mò ń gé aṣọ lọ́wọ́ ni òógùn bò mí, ojú mi ṣú, mo sì ṣubú tòun ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi figbe ta, "Mọ̀mí, kí ló dé?" Mo ń wò ó, mi ò mọ ẹni tó jẹ́. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló kéré. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ méjì ni mo fi lo méjì dípò ẹyọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán irú rẹ̀ wò.

Dókítà obìnrin kan tí mo padà lọ bá ló bi mí pé, "Mà, kí lẹ jẹ kó tó ṣe yín, ó sì tó wákàtí mélòó lẹ́yìn tí ẹ jẹ ẹ́?" Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí n wá láìjẹun, ó fún mi lóúnjẹ, ó wá ń gba ẹ̀jẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí márùn-ún. Nígbà tó di wákàtí kẹta, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti já wálẹ̀ sí 48. Ó ní fún ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, tó bá ti wálẹ̀ ju 55 lọ, tí ara kò sì lélẹ̀, tí ara wá balẹ̀ nígbà tí ṣúgà gòkè, ọ̀rọ̀ ti yé dókítà nìyẹn. Oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà kan, Allen Whipple, ló kọ́kọ́ to àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún 1930 sí 1939.

Báyìí ló ṣe là á yé mi. Búrẹ́dì funfun àti ṣúgà tètè ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù a wá tú ínsúlìn jáde láti kó ṣúgà náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lára àwa kan, ínsúlìn yìí máa ń pọ̀ jù tàbí kó pẹ́ dé, á sì kó ju èyí tó yẹ lọ. Wákàtí méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò tí mo ń mu ń gbé e gòkè, ínsúlìn a tún fà á lulẹ̀. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, ṣùgbọ́n ìkorò ló ń gbẹ̀yìn ẹlẹ́rìndòdò tèmi. Ó lè jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ló ń bọ̀ lọ́nà, ó sì máa ń ṣe àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún, nítorí náà ẹ lọ ṣàyẹ̀wò.

Ní ti oògùn mi, ó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní atenolol àti propranolol. Wọ́n máa ń bo ọwọ́ gbígbọ̀n àti ọkàn tó ń sáré mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í bo òógùn. Dókítà ló bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín o, àìlò rẹ̀ lójijì lè ṣe ọkàn ní jàǹbá.

Oúnjẹ ló wá kù. Ọgbẹ́ inú kò fẹ́ ata àti ebi, ẹ̀jẹ̀ ríru kò fẹ́ iyọ̀, ṣúgà tó ń já kò fẹ́ ohun dídùn. Nígbà tí ìyá ọkọ mi rí i pé mò ń mu ògì láìfi ṣúgà sí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ògì wo ló wá fẹ́ dùn nìyẹn?" Mo ní, "Mà, mọ́ínmọ́ín ló máa bá a dọ́gba." Mọ́ínmọ́ín náà, ata rẹ̀ kéré, iyọ̀ rẹ̀ kéré, ẹyin wà nínú rẹ̀. Ní aago mẹ́wàá, mo máa ń jẹ ẹ̀pà sísè tí kò níyọ̀ ní ẹ̀kúnwọ́ kan. Lọ́sàn-án, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sísè díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja, àlùbọ́sà àti irú ló ń ṣiṣẹ́ iyọ̀. Ní aago mẹ́rin, ẹ̀wà díẹ̀. Lálẹ́, àmàlà kékeré, ọbẹ̀ púpọ̀. Mi ò jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́ta lọ kí n tó tún fi nǹkan sẹ́nu. Gàrí tí a fi omi tútù àti ṣúgà mu lásán, mo ti dágbére fún un.

Tó bá wá dé lójijì, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́ta nínú omi ni mo máa ń mu, màá dúró fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà màá jẹ oúnjẹ gidi. Bí ẹnì kan bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ti ààwẹ̀, mo sọ ti ara mi fún pásítọ̀ wa, ó sì yé e. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù pẹ̀lú yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gbààwẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mi ò ṣubú mọ́. Mi ò ní kò ṣe mí rárá o. Níbi ìnáwó kan lóṣù tó kọjá, ìrẹsì àti ẹlẹ́rìndòdò tàn mí jẹ, òógùn sì rán mi létí kí n tó délé. Ẹ̀yin náà, tí òógùn tútù bá ń bò yín láàárín ọ̀sán, kẹ́ ẹ tó sọ pé ayé ni, ẹ mú ìwé, ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ àti aago tí ẹ jẹ ẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú un lọ bá dókítà yín. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà jíǹkí gbogbo wa o.