Nípa Fífọ Aṣọ Ọmọ Ọwọ́

Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé, èyí tí àwọn ènìyàn ń fi ojú kékeré wò jùlọ ni fífọ aṣọ ọmọ ọwọ́. Ẹni tí ó bá ti ní omi àti ọṣẹ a máa rò pé kò sí ohun tí ó kù láti kọ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa pẹ̀lú ti rò rí, àwa tí a ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní Ìkòròdú, títí ọyẹ́ ọdún 2013 fi dé tí ó sọ wá di akẹ́kọ̀ọ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni Ọlọ́run fi ọmọkùnrin kan ta wá lọ́rẹ. Ní ọjọ́ kejì, ìyá wa àgbà dé láti Ẹ̀pẹ́ láti wá máa wẹ ọmọ, ó sì gbé àpótí kan dání. Aṣọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ lò ní kékeré ni ó kún inú rẹ̀: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ìlédìí òwú, àti bùláńkẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù kan. Ó wí fún ìkókó náà pé, “Ọkọ mi, káàbọ̀. Aṣọ tí bàbá rẹ lò ni mo gbé wá fún ọ. Láti ìgbà náà, aáyán kan kò fi ẹnu kàn án.” Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Ó dùn mọ́ wa, nítorí òórùn àpótí ìyá ẹni ni.

Ẹ̀yin tí ń gbé etí ọ̀sà mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wa kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ètè a là, awọ ara a funfun, aṣọ náílọ́ọ̀nù a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Lóru, bí a bá ká bùláńkẹ́ẹ̀tì náà kúrò lára ọmọ, a ó gbọ́ tí ó ń ta pàrà-pàrà, iná wínníwínní a sì máa tàn lára rẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. Ṣùgbọ́n kò sí àjẹ́ kankan nínú èyí. Bí aṣọ bá ń ra ara wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, iná mànàmáná díẹ̀ a máa kó jọ sára wọn. Bí ọ̀rinrin bá wà, a gbé e lọ wẹ́rẹ́. Bí kò bá sí, iná náà a dúró títí yóò fi fò jáde. Òwú a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Náílọ́ọ̀nù kì í fà á tó bẹ́ẹ̀.

A pa bùláńkẹ́ẹ̀tì náà tì, a sì rò pé a ti ṣe ìtọ́jú. Aṣọ òwú inú àpótí ni a ń lò, a kò sì fọ̀ ọ́, nítorí ó mọ́ tónítóní lójú. Ohun tí ń dún ni a bẹ̀rù. Ohun tí kò dún ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wa.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ojú ọmọ náà pọ́n bí ìyeyè, ó sì kọ ọmú. Àwọn kan ní kí a máa gbé e sí oòrùn òwúrọ̀. Àwa kò dúró. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan gba ọmọ lọ́wọ́ wa, ó gbé aṣọ rẹ̀ sí imú, ó sì bi wá pé, “Ta ni ó kó káńfọ̀ sínú aṣọ yìí?”

Àwọn hóró funfun tí à ń rà lọ́jà ní orúkọ káńfọ̀, naphthalene ni púpọ̀ nínú wọn. Òórùn rẹ̀ ń wọ inú aṣọ, ó sì ń gba imú àti awọ wọ ara ọmọ, pàápàá bí a bá ti fi òróró pa ọmọ náà lára. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5, èròjà kan tí à ń pè ní G6PD kò tó. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró níwájú naphthalene: a fọ́, ohun kan tí ó ní àwọ̀ ìyeyè a sì kún ara ju bí ẹ̀dọ̀ ìkókó ti lè kó o dànù lọ. Bí ó bá dé ọpọlọ, ó lè pa ọmọ, ó lè di í létí, ó sì lè sọ ọ́ di arọ.

Wọ́n tẹ́ ọmọ wa sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù tọ̀sán-tòru, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọgbọ́n iná yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1956, nígbà tí nọ́ọ̀sì Jean Ward kíyèsí i pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti kan ara ọmọ kan kò pọ́n bí ibi tí aṣọ bò. Ọjọ́ ìkómọjáde bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ náà tún gba ọmú, àwa méjèèjì sì sunkún.

Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún màmá? Ìdààmú kejì nìyí. Ẹni tí ó fi ìfẹ́ tọ́jú aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, báwo ni a ó ṣe wí fún un pé ìtọ́jú náà ni ó pa ọmọ lára? A kúnlẹ̀, a sì sọ ọ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nítorí aáyán ni mo ṣe ń ro ọmọ mi pin? Ẹ gbé àpótí náà wá.” Òun fúnra rẹ̀ ni ó kó káńfọ̀ náà dànù. Àwa kò sì fi aṣọ náà wọ ọmọ mọ́.

Láti ìgbà náà, bí a ti ń fọ aṣọ ọmọ nìyí. Gbogbo aṣọ, ìbáà jẹ́ tuntun, ni a ń fọ̀ kí ó tó kan ara rẹ̀. Ọṣẹ díẹ̀ tí kò ní òórùn ni a ń lò. A kì í fi agbára bó o, a sì ń ṣan án títí omi yóò fi mọ́ gaara, nítorí ọṣẹ tí ó kù sínú aṣọ a máa jẹ ọmọ lára. Orí okùn nínú oòrùn ni a ń sá a sí, kì í ṣe orí koríko tàbí abẹ́ igi, nítorí eṣinṣin kan wà tí ń yé sára aṣọ tútù tí ó wà ní ibòji, tí ìdin rẹ̀ sì ń wọ inú awọ. Nítorí rẹ̀ ni a fi ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ gbogbo rẹ̀, títí dé ojú rírán. Nígbà ọyẹ́, òwú nìkan ni a ń fi wọ̀ ọ́, a sì ń ká a kúrò lórí okùn ní kété tí ó bá gbẹ, kí ó má baà gan. Àpótí tí a ti nù, tí a ti sá sóòrùn, tí ó sì ní ìdérí tí ó dé dáadáa, ni a fi ń lé aáyán.

Màmá ti padà sí Ẹ̀pẹ́. A gbọ́ pé kò sí ilé ìkómọ tí ó wọ̀ tí kì í kọ́kọ́ gbé aṣọ ọmọ sí imú kí ó tó súre. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé yín; ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín nílé, ṣùgbọ́n ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́.