Òkun Kọ́

Èmi ni mo ṣe àmì aláwọ̀ ewé yẹn, èyí tó máa ń yọ lórí fóònù pé "ó ti wọlé". Áàpù tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìwọ̀n àwọn aláboyún ló wà, nílé ìwòsàn aládàáni kan n'Íbàdàn. Mo ṣe é kó máa yọ kété tí nọ́ọ̀sì bá ti tẹ̀ ẹ́, láì dúró de ìdáhùn kọ̀ǹpútà tó ń gba àkọsílẹ̀ wọn nílẹ̀ Yúróòpù. Ó ń mú kí áàpù dà bí ẹni pé ó yára. Kò burú tó bá jẹ́ fọ́tò ọ̀rẹ́ lèèyàn ń "like".

Ilé mi ní Ugbor, nílùú Benin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá múná lọ, ínfátà wà. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá ń fà, mo ní síìmù kejì. Mi ò dé ilé ìwòsàn náà rí. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ bi mí lórí fídíò pé, "Ẹńjiníà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá lọ ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà." Ó yẹ kí fóònù máa tọ́jú àkọsílẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Èmi ni mo ní ká sún ìyẹn síwájú, torí ọjọ́ tá a dá ti ń lé wa.

Ní Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹta 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE, SAT-3. Ọjọ́ àwọn aláboyún ni nílé ìwòsàn náà. Àkọsílẹ̀ wọn ò dé Yúróòpù, síbẹ̀ àmì mi ń yọ ṣáá. Nígbà tí wọ́n pa áàpù nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ṣòfò, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ti ní kí wọ́n yéé kọ ọ́ sí káàdì. Ta ni ìfúnpá rẹ̀ ti dé 140/90 nínú àwọn aláboyún náà? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ńṣe ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè wọ́n padà níkọ̀ọ̀kan. Mo san owó ọkọ̀ wọn, ilé ìwòsàn náà sì já wa sílẹ̀.

Nínú lẹ́tà tí mo kọ sí ọ̀gá mi, okùn ni mo dá lẹ́bi. Ó gbà á, gbogbo ayé ṣáà ti gbọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà ló pè mí: "Ẹńjiníà, ṣé òkun náà ló ń sọ fún wa pé ó ti wọlé?"

Mo ní, "Rárá, mà. Èmi ni."

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ̀gá mi.